Ìdílé Ọba Hiwarua àti Ohun Tí Ó Rìn Jáde Láti Inú Òkun

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fa àga yín mọ́ra. Kí olúkúlùkù kọ́kọ́ yíjú wo ẹni tí ó jókòó tì í. Ṣé ó dá yín lójú pé òun gan-an ni? Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí, kí ẹsẹ̀ mi tó tẹ ilẹ̀ Hiwarua, erékùṣù tí ó wà láàárín òkun bí ẹyin nínú àwo ọbẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́níran, ọmọ Akíntẹ̀lú tí ń ta ọfà kan tí ẹran méjì ń ṣubú, èkíní nítorí ọfà, èkejì nítorí ìbẹ̀rù. Bí ẹkùn bá pàdé mi lọ́nà, ńṣe ni yóò yà sínú igbó bí ẹni tí ó fẹ́ tọ̀, kò sì ní padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára ni mo fi dàgbà. Àwọn tí ó lágbára jù mí lọ pọ̀. Egungun àgbọ̀n wọn ni òkété fi ń ṣe ìlẹ̀kùn. Ìfura ni mo fi dàgbà. Páńsá kò fura, páńsá já síná. Àjà kò fura, àjà jìn. Mo máa ń fura sí omi kí n tó mu ún, mo sì máa ń fura sí òùngbẹ tí ó ní kí n lọ mu omi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń nu ìbọn mi lẹ́bàá odò nígbà tí ẹyẹ funfun kan wá bà lé ẹnu ìbọn náà. Ìrù rẹ̀ pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gùn bí okùn. Àwọn ọdẹ tí a jọ wà níbẹ̀ wo ẹyẹ, ẹyẹ wò wọ́n, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Èmi dúró.

"Ọdẹ," ni ẹyẹ náà wí, "ǹjẹ́ o ní ẹbí kankan ní Hiwarua?"

"Ta ló fẹ́ mọ̀?"

"Dá mi lóhùn ná."

"N kò gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí."

"Ìwọ gan-an ni wọ́n ń wá. Ọba Hiwarua ń kú lọ. Ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀, bí oyè náà ṣe ń ti ọwọ́ òbí bọ́ sí ọwọ́ ọmọ láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Kò sí ará ilé tí ìyá ọmọ náà lè fi ṣọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ń fura sí àbúrò, ìyàwó ń fura sí àna. Àlejò tí kò ní ìpín nínú oyè ni ó ń wá, kí ó dúró ti ọmọ náà títí yóò fi jókòó lórí ìtẹ́."

Mo wo ẹsẹ̀ ẹyẹ náà bóyá ẹnì kan so okùn mọ́ ọn. Mo gbóòórùn ìyẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń rùn bí òkú. Òórùn òkun nìkan ni mo gbọ́.

"Bí n kò bá lọ ńkọ́?"

"Obìnrin kan yóò máa jókòó sí etíkun láìsùn, títí ojú rẹ̀ yóò fi fọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo gbé àpò mi kọ́ èjìká, mo tẹ̀lé ẹyẹ náà. Ṣùgbọ́n mo rí i pé òun ló ń lọ níwájú.

Igbó tí a kọ́kọ́ wọ̀ ni igbó Olójú-Ìpàkọ́. Iwin ni, kò ní ojú níwájú. Ìpàkọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Nígbà tí ó bá kẹ́yìn sí ọ ni ó ń wò ọ́, nígbà tí ó bá kọjú sí ọ, o kò sí lójú rẹ̀. Ó dí ọ̀nà mọ́ mi.

"Ọmọ ènìyàn, já àlọ́ yìí kí o kọjá. Kí ni ó ń tẹ̀lé ọ láti ilé, tí o kò fún lóúnjẹ rí, tí kò sì bínú?"

Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Mo rí i bí ẹnu ṣe ń yún yín. Èmi náà mọ̀ ọ́n kí ó tó parí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé: iwin wo ni yóò gbé àlọ́ tí ó rọrùn tó báyìí kalẹ̀ lójú ọ̀nà, bí kò bá jẹ́ pé ìdáhùn náà gan-an ni yóò jẹ? Mo gbójú sókè. Lórí gbogbo ẹ̀ka igi ni òjìji ènìyàn rọ̀ sí bí aṣọ tí a fọ̀ tí a sá, wọ́n ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kò sí ara tí yóò wọ̀ wọ́n. Àwọn tí ó já àlọ́ nìyẹn.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni mo wí, "ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́. Ohun tí ó bá jẹ́ tèmi, n kì í pe orúkọ rẹ̀ fún ẹni tí n kò mọ̀."

Ojú ìpàkọ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ó tún àlọ́ náà pa, ó fi oyin kún ohùn; mo mi orí. Ó halẹ̀, mo mi orí. Ó sunkún pé ebi ń pa ọmọ òun nílé. Mo bá a kẹ́dùn, mo sì tún mi orí. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo di etí ẹ̀wù ọdẹ mi mú kí òjìji mi má baà fa ya.

Lẹ́yìn igbó náà ni ìlú Afura. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìfura mi ti pọ̀ jù, ẹ̀yin kò mọ àwọn ará ibẹ̀! Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń rìn, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ́ tẹ̀lé wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń forí gbárí. Bí ẹnì kan bá ní "Ẹ káàárọ̀," èkejì yóò ní "Kí lo jí?" Tọkọtaya kì í sùn pọ̀, bí ọkọ bá ń sùn, ìyàwó a lajú sílẹ̀ mọ́jú. Obìnrin kan bu omi fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ariwo ta! Wọ́n wọ́ mi lọ síwájú baálẹ̀ wọn, tí ó ń wo ènìyàn láti inú ihò kan lára ògiri nítorí pé kò jáde síta rí.

"Wọ́n ní o dúpẹ́," ni baálẹ̀ wí. "Kí lo mọ̀ nípa omi náà tí àwa kò mọ̀?"

"Òùngbẹ ló ń gbẹ mí, Bàbá."

"Ta ló rán òùngbẹ sí ọ?"

Ó ní kí wọ́n dè mí. Àwọn ọkùnrin méjì gbé okùn dé, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò de ẹsẹ̀ mi ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ bẹ̀rẹ̀ níwájú èkejì. "Ìwọ bẹ̀rẹ̀." "Kí o lè ṣe mí ní kí ni?" "Kí ló dé tí o kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀?" Wọ́n ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo gba ẹnu-bodè jáde. Ìfura dára, ẹ̀yin ènìyàn mi. Iyọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n a kì í rokà iyọ̀.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé etíkun. Igbó tán, omi bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà létí omi, wọ́n so igi gbọọrọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí apá tí ó nà sórí omi, kí ìgbì má baà dà á dé. Obìnrin kan jókòó sínú rẹ̀, ẹyẹ funfun náà bà lé e léjìká. Wọ́n fi dúdú fín ọnà tí ó rẹwà sí àgbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n nítorí àìsùn. Hinarere ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ìyàwó ọba tí ń kú lọ, òun náà ni ìyá ọmọ tí yóò jọba. Ó fi iwájú orí rẹ̀ kan tèmi, ó fi imú kan imú mi, ó sì fa èémí mi sínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí ènìyàn níbẹ̀. Èmi di àpò mi mú títí ó fi kí mi tán.

Bí ọkọ̀ ṣe ń sáré lórí omi, ó ro ẹjọ́ ilé fún mi.

"Ọdẹ, Marama ni orúkọ ọmọ mi. Òun nìkan ni mo bí. Tehau, ọkọ mi, ni ó wà lórí oyè. Ariki ni a ń pe gbogbo ẹni tí ó bá jẹ ẹ́. Àbúrò ọkọ mi kan wà tí ń jẹ́ Teiki. Òun ni kí o ṣọ́. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jọba ni kò ti bá a jẹun mọ́, tí kò pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Wọ́n ti rí i tí ó ń rìn kiri pẹ̀lú iná lẹ́yìn Ilé Orúkọ, níbi tí àwọn Ariki ti ń gba oyè. Ó fẹ́ pa ọmọ mi kí oyè lè bọ́ sí òun lọ́wọ́."

"Ọkọ rẹ ńkọ́, Ìyá? Irú ènìyàn wo ni?"

"Ènìyàn dáadáa ni, kí ó tó jọba. A ti fẹ́ra wa kí ó tó wọ Ilé Orúkọ. Nígbà tí ó jáde, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pè mí. Àwọn àgbà ní títóbi oyè ló bo ọkàn rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe gbogbo Ariki."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Kò dà nínú mi.

Hiwarua dára lójú. Òkè dúdú kan wà láàárín rẹ̀, igi àgbọn sì yí i ká. Lórí iyanrìn etíkun ni àwọn Ariki àtijọ́ wà, nítorí pé ẹni tí ó bá jẹ oyè náà kì í jẹrà. Òkúta ni ó ń dà, òkúta gíga tí ó ní ojú, tí ó sì ń mí. Òbí dúró, ọmọ dúró tì í, ọmọ ọmọ dúró tì í, títí ìlà wọn fi lọ jìnnà lẹ́bàá òkun. Èyí tí ó wà láàyè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ òjìji rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan oúnjẹ. Àwọn ẹlòmíràn ni ó ń fi í sí i lẹ́nu.

Wọ́n mú mi lọ kí i. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n fi ẹ̀wù ìyẹ́ pupa bò ó. Ara rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tutù, ó ń dán bí ojú ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú.

"Ta ni ìwọ?" ni ó bi mí.

Orúkọ mi ti dé orí ahọ́n. Mo gbé e mì. "Àlejò ni mí, Kábíyèsí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àlejò ọlọ́gbọ́n." Nígbà tí ó mí, mo gbọ́ tí omi ń dún fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ọ̀fun rẹ̀.

Marama kò jọ ọ́ rárá. Ọmọbìnrin gíga ni, ó ti ń bú sẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó parí. Ó gun igi àgbọn, ó já àgbọn fún mi, ó sì bi mí bóyá òótọ́ ni pé ejò wà ní ilẹ̀ wa tí ń fi àyà fà, nítorí pé kò sí irú rẹ̀ ní tiwọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì fura sí ìfẹ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bí ojúmọ́ ti ń mọ́, mo lọ yípo Ilé Orúkọ. Mo bá ọkùnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ó di ògùṣọ̀ mú, ó ń gbé e lọ sí ara òrùlé koríko. Mo fò mọ́ ọn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí ó ti bá ìnàkí jà rí kò ní bẹ̀rù ọmọ ènìyàn, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi gbàgbé ìnàkí! Ó gbé mi, mo gbé e, a yí lu igi, a yí lu òkúta, kí n tó jókòó lé e láyà. Gbogbo ìlú tú jáde. Teiki ni. Hinarere tutọ́ sí i lójú. Olórí àwọn àgbà ní kí wọ́n dè é mọ́ òpó nínú ilé ọkọ̀. Bí wọ́n bá fi Marama joyè tán ní ọjọ́ kejì, wọ́n ó gbé e fún ẹja ńlá tí ń jẹ ènìyàn.

Kò bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ lọ, ojú mi ni ó wò. "Àlejò," ni ó wí, "o ti pa ọmọ náà."

Wọ́n yìn mí, wọ́n fún mi ní omi gbòǹgbò tí àwọn ìjòyè wọn ń mu, tí ó ń mú ahọ́n kú. Mo dà á sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ́jú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Marama ní kí n sin òun lọ sí etíkun. Ẹni tí yóò joyè gbọ́dọ̀ lè pe orúkọ àwọn Ariki láti orí ẹni àkọ́kọ́ títí dé orí ẹni ìkẹyìn, òkúta kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ ẹ. Ó bẹ̀rẹ̀. Òkúta àkọ́kọ́ wúkọ́ kí ó tó wí pé, "Èmi nìyí," bí arúgbó tí a jí lójú oorun. Èyí tí ó tẹ̀lé e jẹ́ obìnrin, ó ń kólòlò. Òmíràn ń rẹ́rìn-ín. Òmíràn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n jẹ ẹran rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Inú mi dùn. Ó dà bí ẹni pé mo bá wọn pé ibi ìpàdé ẹbí. Nígbà náà ni ó pe Rongomaru.

"Èmi nìyí." Omi dún fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà.

Ó pe ọmọ Rongomaru. "Èmi nìyí." Omi dún fẹ́ẹ́rẹ́. Ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀, ó pe obìnrin tí ó jẹ lẹ́yìn ìyẹn. "Èmi nìyí. Èmi nìyí." Bí omi ṣe ń dún náà nìyẹn títí ìlà fi parí.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọdẹ láàárín yín mọ ohun tí mò ń wí. Bí ẹyẹ kan bá ké lórí ìrókò, tí ó ké lórí àràbà, tí ó tún ké lórí ọ̀pẹ, ọdẹ kékeré yóò ní igbó kún fún ẹyẹ. Àgbà ọdẹ mọ̀ pé ẹyẹ kan ṣoṣo ni, ó ń fò kiri.

"Marama, ta ni Rongomaru?"

"Akọni wa ni! Ìgbì gbé e lọ nígbà tí ó ń pẹja. Ìlú ti sunkún rẹ̀ tán kí ó tó rìn jáde láti inú òkun, kò ní ọgbẹ́ kankan lára. Lọ́dọọdún ni a máa ń jó ijó rẹ̀."

"Bí o bá wọ Ilé Orúkọ lọ́la, kí ni wọ́n ní kí o sọ?"

"Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Èmi àti Ariki nìkan ni yóò wà nínú ilé. Yóò bi mí pé, 'Ta ni ìwọ?' Èmi yóò ní, 'Èmi ni ìwọ.' Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn sọ."

"Láti ìṣẹ̀dálẹ̀?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Rárá. Rongomaru ló fi í lélẹ̀."

Mo fà á lọ́wọ́, a lọ sí ilé ọkọ̀. Teiki wà níbẹ̀ lára òpó, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i létí. Mo ní, "Sọ ohun tí o mọ̀. Ọmọ náà nìyí."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni Tehau," ni ó wí, "ẹsẹ̀ kan náà ni a jọ fi ń rìn. Ọjọ́ tí ó jáde ní ilé yẹn, mo sáré fò mọ́ ọn. Ó wò mí bí a ṣe ń wo ẹja tí a kò fẹ́ rà. Bí bàbá wa náà ṣe rí títí ó fi kú nìyẹn. Ìyá wa sọ fún mi pé kì í ṣe ọkọ tí òun fẹ́ ni òun ń bá sùn, kì í sì ṣe ọkọ náà ni òun ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó di òkúta. Mo sọ ọ́ fún àwọn àgbà. Wọ́n ní oyè ni mò ń wá. Kí ni n bá tún ṣe? Mo ní kí n sun ilé náà, kí ó má baà sí ibi tí ọmọ yìí yóò wọ̀."

"Kò sí ìdílé kankan níbẹ̀ láti ìgbà Rongomaru," ni mo wí. "Ohun kan ṣoṣo ni, ó ń bọ́ ènìyàn kan sílẹ̀, ó ń wọ òmíràn."

Marama wò mí, ó wo Teiki, ó sì sún sẹ́yìn. "Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì kò gbìmọ̀ pọ̀? Àlejò ni ìwọ. Ìwọ Teiki, iná ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ. Bí mo bá wọlé tí n kò sọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn àgbà wà lẹ́yìn ògiri, etí wọn wà níbẹ̀. Kùmọ̀ ni wọ́n fi ń fọ́ orí ẹni tí ó bá já ìlà Ariki."

"O kò mọ̀," ni mo dáhùn. "Èmi náà kò mọ̀ délẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹnì kan bá bi mí pé ta ni mí, n kò ní sọ pé òun ni mí."

Ó jáde. N kò mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. N kò sì sọ fún Hinarere. Ẹ̀rù bà mí pé yóò dí ọmọ rẹ̀ lọ́nà, tí àwọn àgbà yóò sì pa àwọn méjèèjì.

Nígbà tí oòrùn yọ ní ọjọ́ kejì, gbogbo Hiwarua jókòó yí Ilé Orúkọ ká. Wọ́n ti gbé Ariki wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà to ara wọn sí ẹ̀bá ògiri, kùmọ̀ lórí orúnkún. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn mi. Marama kọjá níwájú mi, ó wọlé, kò wo ojú mi.

A gbọ́ ohùn náà. "Ta ni ìwọ?"

Kẹ́kẹ́ pa. Olórí àwọn àgbà gbé orí sókè.

"Ta ni ìwọ?" Omi ń dún nínú ohùn náà.

"Èmi ni," ni Marama wí, ó sì dúró. Mo rí ọwọ́ àwọn àgbà tí ó fún mọ́ kùmọ̀. Hinarere ti di iyanrìn mú lọ́wọ́ méjèèjì. Nígbà náà ni ọmọ náà kígbe, tí gbogbo òkè fi gbà á: "Èmi ni Marama, ọmọ Hinarere!"

Àwọn àgbà fò dìde. Mo na ìbọn sí wọn láyà. "Ẹni tí ó bá fẹ́ di ìtàn, kí ó sún síwájú!" ni mo wí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn mi ni wọ́n ń wò. Mo yíjú. Omi ló jáde lẹ́nu ọ̀nà, omi tí ó dúró bí ènìyàn, kò ní ojú, kò ní egungun. Ó tẹ̀ síwájú mi, ó sì fi ohùn bàbá mi tí ó ti kú sọ̀rọ̀, láìkù síbì kan.

"Ọmọ mi, ta ni ìwọ?"

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ẹnu mi ti là. Ṣùgbọ́n ìfura tí mo fi dàgbà gbá mi létí: bàbá wo ni yóò máa bi ọmọ rẹ̀ pé ta ni í ṣe?

"Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ tìrẹ," ni mo wí. "Ta ni ìwọ?"

Ó gbọ̀n. "Èmi ni Rongomaru!"

Láti etíkun, ohùn kan dáhùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin. "Irọ́ ni! Èmi ni Rongomaru. Inú òkun ni mo kú sí, wọn kò sì sin mí."

Ohun náà pe orúkọ tí ó tẹ̀ lé e. "Irọ́ ni!" ni òkúta yẹn dáhùn, ohùn tirẹ̀ ha. Ó tún pe òmíràn. Obìnrin kan bú u láti orí iyanrìn. Bí ó ti ń pe wọ́n ni wọ́n ń kọ̀ ọ́, olúkúlùkù ní ohùn tirẹ̀, àwọn àgbà sì ń jẹ́ kí kùmọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun náà ń kéré, ó ń rọ̀ bí ìrì. Orúkọ kan ṣoṣo ló kù ú kù.

"Èmi ni Tehau!"

Etíkun dákẹ́. Tehau kò tíì di òkúta. Mo rí i tí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ki, tí irun ń hù lórí rẹ̀, tí ó ń ní èjìká. Mo ta ìbọn. Ọta gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni ta odò. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ, ojú ti ń yọ lójú rẹ̀.

Nígbà náà ni ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú ilé, wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni tí kò lo ẹnu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Irọ́ ni. Èmi ni Tehau."

Ohun náà tú. Ó dà sílẹ̀ bí omi tí a gbé dànù lẹ́yìn fífọ àwo, ó ṣàn kọjá láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, gbogbo wọn ń gbé ẹsẹ̀ sókè fún un, ó sì bọ́ sínú òkun.

Mo sáré lọ já okùn Teiki. Nígbà tí a padà dé inú Ilé Orúkọ, Hinarere ti gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Ọkùnrin náà kò ní ju èémí díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti gbẹ, ó gbóná bí ojú ènìyàn.

"Hinarere," ni ó wí, "ojú rẹ pọ́n. Kí ló dé tí o kò sùn?" Ó yí ojú, ó rí Teiki, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. "Alákàn!" ni ó fi orúkọ ìgbà èwe pè é. "Ìgbà wo ni o darúgbó?"

Teiki kúnlẹ̀, ó fi ojú pamọ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Marama dúró lára ògiri, kò sún mọ́ wọn. Olórí àwọn àgbà tọ́ka sí i, ó sì sọ ohun tí ó wà nínú gbogbo wa. "Lẹ́yìn tí Ariki jọba ni wọ́n bí ọmọbìnrin yìí. Ọmọ ta wá ni? Ti Tehau ni, àbí ti ohun tí ó ṣàn lọ yẹn?"

Hinarere gan-an kò mọ̀. Èmi náà ti ń bi ara mi bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi kò sì tíì kúrò lára ìbọn.

"Ẹ jẹ́ kí ó wá," ni Tehau wí.

Marama wá, ó kúnlẹ̀. Bàbá náà fi iwájú orí kan tirẹ̀, ó fi imú kan imú rẹ̀, ó sì fa èémí rẹ̀ sínú pẹ́. Ó wá yíjú sí àwọn àgbà.

"Ibi tí mo wà," ni ó wí, "omi ni lókè, omi ni nísàlẹ̀. N kò mọ apá ibi tí ilẹ̀ wà. Mo gbọ́ tí ẹnì kan kígbe orúkọ ìyàwó mi. Ohùn yẹn ni mo tẹ̀ lé jáde." Ó mí lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ọmọ mi ni."

Èémí rẹ̀ pin lórí itan Hinarere. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ di òkúta. Olórí àwọn àgbà bọ́ ẹ̀wù ìyẹ́ pupa náà lára rẹ̀ kí ó tó dì mọ́ ọn, ó fi bo Marama lẹ́yìn, ó sì dọ̀bálẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tún bi ọmọ náà ní nǹkan kan. Èmi pàápàá, tí n kò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ rí láìgbọ̀n ọ́n wò, mo gbé ìbọn mi sílẹ̀.

Ẹran tí mo pa bọ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Odindi ni mo gbé e kalẹ̀ níwájú yín, n kò bù ú jẹ lọ́nà.